Camry Tó Wọ Agbádá: Lexus RX Lójú Ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí sítíárìn tí ẹ ń gbọ́ wa, ẹ rọra o. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ihò tí ẹ mọ̀ lánàá lè ti jìn sí i lónìí. Ètò yín lórí mọ́tò àti ojú ọ̀nà ti dé.

Jíìpù kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ẹ dúró ní Gáréèjì Ìkòròdú láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn èèyàn bá ń lọ òde ìyàwó, kò ní pẹ́ rárá tí ọ̀kan nínú wọn á fi kọjá níwájú yín. Ẹ lọ sí Ẹ̀pẹ́ níbi oríta tí wọ́n gbé ère ẹja sí, ẹ ó rí i níbẹ̀ pẹ̀lú. Lexus RX ni. Àwọn ọmọ wa kì í tiẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ tán mọ́. "330" ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n, "350" ni wọ́n ń pe àbúrò, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè pé 350 kí ni.

Èrò tèmi rèé, ẹni tó bá fẹ́ kó jà mí níyàn: ohun tó jẹ́ kí jíìpù yìí gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ti Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, kò sí níbi tí ojú ti ń rí i. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló wà. Ẹni tí kò bá mọ èyí, lẹ́dà àti àwọ̀ ọ̀dà ni yóò fi rà á, ẹnu mẹkáníìkì ni yóò sì ti wá mọ ohun tó rà.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí. Toyota ló ni Lexus. Lọ́dún 1989 ni wọ́n gbé orúkọ náà jáde ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ LS 400. Àwọn olówó ibẹ̀ mọ̀ pé mọ́tò Toyota kì í tètè kú, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi mọ́tò ṣe fújà kò fẹ́ kí wọ́n rí orúkọ tí akọ̀wé iléeṣẹ́ rẹ̀ ń gùn lára tirẹ̀. Toyota fún wọn ní orúkọ mìíràn. Nígbà tí 1997 ń parí lọ, wọ́n gbé jíìpù kan jáde ní Jàpáànì, wọ́n pè é ní Harrier. Lọ́dún 1998 ni Harrier yìí wọ Amẹ́ríkà, wọ́n lẹ àmì Lexus mọ́ ọn níwájú, ó di RX 300.

Nígbà náà, bí wọ́n bá ní jíìpù, ohun tó wà lọ́kàn àwọn èèyàn ni irú ọkọ̀ bíi Land Cruiser àti Prado, tí wọ́n kọ́ ara rẹ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n wá gbé e ka orí férémù irin gbọọrọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù. RX ò ní irú férémù bẹ́ẹ̀. Ìpìlẹ̀ Camry ni wọ́n kọ́ ọ lé, wọ́n gbé e sókè díẹ̀, wọ́n fi ara jíìpù bò ó. Bí ẹni tó wọ agbádá àrán lé búbá àti ṣòkòtò tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ló rí. Agbádá náà dára, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò dára, àmọ́ búbá abẹ́ yẹn ló mọ òórùn àti òógùn.

Lọ́dún 2003 ni RX 330 dé. Òun ni Lexus àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní apá Àríwá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìlú Cambridge ní Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti lítà 3.3, oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́fà, agbára ẹṣin 230, pẹ̀lú gíà ọ̀tọ́mátíìkì onípele márùn-ún. Lọ́dún 2006 ni wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì yẹn, wọ́n fi ti lítà 3.5 rọ́pò rẹ̀, agbára rẹ̀ sì di ẹṣin 270. Ìyẹn ni RX 350 àkọ́kọ́, èyí tí ìwé rẹ̀ ń kà ní 2007 títí dé 2009. Ara kan náà ni òun àti 330 ń lò, ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń ṣì wọ́n mú.

Ẹ fọkàn sí ẹ́ńjìnnì 3.5 yìí, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ wa. 2GR-FE ni orúkọ tí Toyota fún un. Kì í ṣe Lexus nìkan ló ń lò ó. Ó wà nínú Camry V6, ó wà nínú Avalon, ó wà nínú Highlander, ó sì wà nínú Sienna. Sienna, ẹ̀yin ará mi! Mọ́tò tó ń kó èrò jáde ní Èkó láti ìdájí, tó gbé àpò gàrí lé orí, tí èèyàn mẹ́jọ fún mọ́ inú rẹ̀. Mẹkáníìkì tó wà ní Odògúnyàn ti tú ẹ́ńjìnnì yìí ká nínú Sienna títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ ọ̀nà. Bí Lexus yín bá wọlé sí i lọ́wọ́, kò ní máa wò ó bí àlejò. Nígbà tó bá sì rán ọmọ iṣẹ́ lọ sọ́jà Ládípọ̀ ní Múṣin, ọmọ náà ò ní padà wá sọ pé àfi kí wọ́n lọ bá òun ṣe é wá láti òkè òkun. Ẹ̀yà ara tí Highlander ń lò, tí Sienna ń lò, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni Lexus náà ń lò.

Mi ò fi èyí bú ẹni tó ń gun ọkọ̀ Jámánì o. Ọkọ̀ tó dùn ún wà ni wọ́n. Àmọ́ ẹ ti rí èyí tí wọ́n fi tapólì bò sẹ́yìn ilé rí, tí táyà rẹ̀ ti jó, tí ewéko ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tí olówó rẹ̀ ń wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá lọ síbi iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ló ní òun ò ṣe mọ́, ẹni tó sì lè bá a sọ̀rọ̀, Èkó erékùṣù ló wà.

Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín. Agbádá ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Iná iwájú Lexus kì í ṣe ti Camry, dígí ẹ̀gbẹ́ tó ń ká ara rẹ̀ kì í ṣe ti Sienna, àwọn olè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá páàkì RX sílẹ̀ lálẹ́ níta gbangba, tó jí tí kò bá dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́, kò níí jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ojú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ní tẹlifíṣọ̀n kékeré náà, bó bá kú, owó rẹ̀ lè ra ẹ̀rọ amúlétutù tuntun fún yàrá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé e sójú ọ̀nà. Ẹ bá mi gbéra ní Ìkòròdú, ká gba Ìtàmàgà, ká kọjá oríta Ìmọ́tà àti Agbọ̀wà, ká sọdá afárá Ìtòìkín, ká wá forí lé Ẹ̀pẹ́. Ọ̀nà náà ju 50 kìlómítà lọ, gbogbo yín lẹ sì mọ ìtàn rẹ̀. Ibi tó dára wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ń tún ṣe wà níbẹ̀, ibi tí awakọ̀ ti máa ń sọ̀kalẹ̀ wo omi kó tó wọ inú rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn tó kọ ìwé nípa RX ní Kánádà kọ agbára ẹṣin sókè, wọ́n kọ ìró rédíò rẹ̀ tẹ̀lé e. Bí èmi bá ní kí n kọ ìwé tèmi fún ará Ìkòròdú, gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ ni màá kọ́kọ́ kọ, màá sì kọ táyà tẹ̀lé e.

Gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18. Ti Camry jẹ́ nǹkan bíi 14. Ẹ ò rí i pé ìka méjì péré ni jíìpù yìí fi ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ? Ìka méjì yẹn ni ẹ san mílíọ̀nù lé lórí, ó sì níyì, torí ìka méjì yẹn ni kì í jẹ́ kí abẹ́ mọ́tò há sórí òkìtì ilẹ̀ tí tírélà ti fi táyà tẹ̀ sókè láàárín ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di Prado. Mo ti rí àwọn tó fi RX wọ omi ní Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Máìlì 12, nígbà tí odò Ògùn bá kún, tí omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti adágún Ọ̀yán bá dé. Wọ́n ní jíìpù làwọn gùn. Ẹ́ńjìnnì tó bá fi imú fa omi, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín jíìpù àti kẹ̀kẹ́ Máruwá. Irin inú rẹ̀ á ká, ó parí.

Ti táyà ni àwọn èèyàn kì í kà sí. RX 330 àti 350 àkọ́kọ́ ní oríṣi méjì: òmíràn ń lo táyà 225/65 lórí rímù 17, òmíràn ń lo 235/55 lórí rímù 18. Gbogbo ayé ló ń fẹ́ rímù 18 torí pé ó kún ojú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nọ́ńbà kejì yẹn, 65 tàbí 55, ló ń sọ bí ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe ga tó sí fífẹ̀ rẹ̀. Ti rímù 17, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 14 àti ààbọ̀. Ti rímù 18, kò pé 13. Róbà àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń gba ìyà ihò kó tó kan irin. Ẹni tó bá ń gba Ìtòìkín lójoojúmọ́ tó wá fi rímù 17 sílẹ̀ torí ẹwà, fọganáísà àdúgbò rẹ̀ á máa kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Àwọn RX tuntun tiẹ̀ ti ń lo rímù 21. Ẹ̀gbẹ́ táyà tiwọn kò pé sẹ̀ǹtímítà 12. Lẹ́kì lẹ ti lè gùn wọ́n, ẹ sì lè gùn wọ́n dé Ẹ̀pẹ́ bí ẹ bá gba ọ̀nà Ẹ̀lẹ́kọ̀ tí wọ́n da kọnkéré sí. Ẹ má gbé wọn wá sí Ìkòròdú lọ́dọ̀ wa.

RX 330 kan wà tí wọn ò fi ṣọ́ọ̀kì onísípíríìnì sí. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e, ó lè ga, ó sì lè wálẹ̀ bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fi ìyẹn polówó fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn á jò lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ á kúnlẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan, mẹkáníìkì á sì yọ gbogbo rẹ̀ dànù, á fi sípíríìnì lásán sí i. Ó ṣáà máa ń rìn dáadáa lẹ́yìn náà.

Epo ńkọ́? Táǹkì rẹ̀ ń gba nǹkan bíi lítà 72. Kó tó di 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan kò tó 200 náírà nílé epo ìjọba l'Ékòó. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí wọ́n kún un kò tíì ná 15,000. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá 2024, lítà ti sún mọ́ 1,000 náírà. Táǹkì kan náà di nǹkan bíi 72,000. Mọ́tò náà kò yí padà, ẹni tó ń gùn ún ló yí padà. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé ọjọ́ Àìkú nìkan ni Lexus wọn ń jáde báyìí, BRT ni wọ́n ń wọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Máìlì 12. Kò sì sí àléébù níbẹ̀ rárá. RX 350 ń mu nǹkan bíi lítà 12 fún 100 kìlómítà bí ọ̀nà bá dán, tí ẹsẹ̀ yín ò sì wúwo. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ fi kún un. Ilé ìfọpo Dangote tó lè fọ àgbá 650,000 lóòjọ́ wà nítòsí ibí, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, oṣù Kẹsàn-án 2024 ni bẹntiróòlù ti ń jáde níbẹ̀. Àmọ́ wíwà nítòsí rẹ̀ kò tíì sọ jálá epo wa di ọ̀fẹ́ o.

Wọ́n tún ṣe èyí tó ń lo iná àti epo pọ̀, RX 400h, ọdún 2005 ló jáde. Ní ti epo, ó mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n bátìrì ńlá tó wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn ti dàgbà báyìí, àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú lágbègbè wa kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kó kọjá.

Bàbá kan láti Agbọ̀wà béèrè lọ́wọ́ wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, pé owó tó wà lọ́wọ́ àwọn lè ra 330 tó mọ́, tàbí 350 tó ti gbó díẹ̀, èwo ni káwọn mú? Bàbá, ẹ kú ìnáwó o. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní sọ fún yín nípa 330 ni pé bẹ́líìtì ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bẹ́líìtì yẹn ní ọjọ́ orí. Bí ọkọ̀ bá ti rin máìlì 90,000, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 145,000, ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn 330 tó wà níta lónìí ti ju ìyẹn lọ dáadáa. Bí ẹni tó ń tà á ò bá lè sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú owó tó pè, kí ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ tí ẹ bá gbé e délé. 350 kò ní bẹ́líìtì yẹn, ṣéènì ló ń lò, kì í tètè yọni lẹ́nu. Àléébù tirẹ̀ ni páìpù epo ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí wọ́n fi róbà sí láàárín. Róbà náà máa ń bẹ́ lójijì, epo á tú dànù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì jó. Toyota fúnra wọn padà ṣe páìpù tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ irin láti fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi ìka kan páìpù yẹn hàn yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bí ẹ bá rí róbà, irin ni kí ẹ fi sí i. Ohun kan sì tún rèé: ẹ́ńjìnnì 350 ń gba epo lítà mẹ́fà àti díẹ̀. Gálọ́ọ̀nù lítà mẹ́rin tí ọmọ iṣẹ́ bá rà wá kò tó o. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti fi ebi epo pa báyìí pọ̀ ní Ìkòròdú.

Nítorí náà, bàbá, 350 ni màá mú, bó tiẹ̀ ti gbó díẹ̀. Èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà iwájú nìkan ni màá sì mú, kì í ṣe èyí tó ń yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń tà á máa ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yangàn. Yìnyín ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Ó wúwo sí i, ó ń mu epo sí i, ó ní ṣáfúútì gígùn lábẹ́ tó tún jẹ́ ìnáwó mìíràn, bí táyà kan bá sì bàjẹ́, ẹ ò kàn lè ra tokunbo tí fífẹ̀ àti gbígbó rẹ̀ yàtọ̀ fi dí i. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ṣáfúútì tó lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn kò ṣeé fi pamọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ọdún tí wọ́n bá pè fún yín. L'Ékòó níbí, wọ́n ti sọ ojú mọ́tò di ohun tí wọ́n ń yí padà. Wọ́n á ra RX 2010, wọ́n á yọ bọ́ńpà, iná àti iwájú rẹ̀, wọ́n á gbé ojú 2015 sí i, wọ́n á pè é ní "upgrade". Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì máa ń dára lójú nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó san owó 2015 fún 2010, ojú ló rà. Nọ́ńbà ṣasí kì í purọ́. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá ibi tí awakọ̀ jókòó, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Bí èyí tó ṣáájú bá jẹ́ 2, Kánádà ni wọ́n ti ṣe é. Bó bá jẹ́ J, Jàpáànì ni. Ẹ ka á dé ìkẹwàá: 7 jẹ́ 2007, 8 jẹ́ 2008, 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010. Ẹ tún wò ó bóyá nọ́ńbà yẹn bá èyí tó wà lára ilẹ̀kùn mu àti èyí tó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù.

Nọ́ńbà yìí kan náà ló ń sọ ìtàn ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: bóyá ó ti kọlu nǹkan rí, bóyá omi ti bò ó rí. Ọ̀pọ̀ tokunbo tó ń wọ èbúté Tin Can ló jẹ́ ọkọ̀ tí àwọn onímádàámidófò ní Amẹ́ríkà ti gbà pé ó ti bàjẹ́, tí wọ́n gbé lọ sí gbàǹjo. Nígbà tí ìjì Sandy jà lọ́dún 2012, àti Harvey lọ́dún 2017, omi bo ọkọ̀ láìlóǹkà níbẹ̀. Ẹ má wo kápẹ́ẹ̀tì, kápẹ́ẹ̀tì tuntun kò wọ́n. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó dé òpin pátápátá, kí ẹ wo bóyá àmì ẹrọ̀fọ̀ wà lórí èyí tó máa ń wà nínú. Ẹ wo àwọn nọ́ọ̀tì abẹ́ àga bóyá wọ́n ti dípẹtà. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ ṣọ́ iná báàgì afẹ́fẹ́ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù: ó gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má baà mọ̀ pé báàgì náà ti bẹ́ sójú ẹlòmíràn lókè òkun. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ra lẹ́dà, tó ń gbóòórùn àga, tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìwọ̀nyí, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ńkọ́? Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má gbé mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, èbúté nìkan ni. Bí ọkọ̀ bá wọlé lẹ́yìn ìgbà náà, tí olówó rẹ̀ ń sọ pé Kùtọnù ni òun gbé e gbà, ìwé rẹ̀ kò lè pé. Ìgbà tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, láti nǹkan bíi 460 sí dọ́là kan títí ó fi kọjá 1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, owó ọkọ̀ àti owó ibodè jọ gòkè. Ìdí nìyẹn tí RX 2008 tó ti rin Ìkòròdú fún ọdún mẹ́wàá fi ń wọ́n ju iye tí olówó rẹ̀ rà á lọ. Inú àwọn tó ti rà á tipẹ́ ń dùn. Wọ́n á ní owó làwọn kó sínú banki. Ó dáa, àmọ́ èmi ò tíì rí banki tó ń mu epo.

Àwọn RX tó tẹ̀ lé 350 àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ n sáré kà wọ́n. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010: ẹ́ńjìnnì 3.5 kan náà, agbára ẹṣin 275, gíà onípele mẹ́fà. Ti 2016: ẹṣin 295, gíà onípele mẹ́jọ, ojú rẹ̀ mú bí abẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣe RX 350L tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, fún àwọn tí ọmọ wọn pọ̀. Ti 2023 ni wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́fà kúrò nínú 350, wọ́n fi èyí tó jẹ́ mẹ́rin, lítà 2.4, tó ní tọ́ọ̀bò sí i. Agbára rẹ̀ padà sí 275. Kò burú, ó ń sáré. Ṣùgbọ́n Sienna kankan kò lo ẹ́ńjìnnì yẹn rí, mẹkáníìkì wa ní Odògúnyàn kò sì tíì tú u ká. Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù rẹ̀ nìyẹn.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ bíi mẹkáníìkì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti adùn rẹ̀ náà, torí adùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá ti jókòó sínú rẹ̀ mọ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ariwo Sábó á lọ sílẹ̀ lójijì. Àga awakọ̀ á sún padà síbi tí ẹ fi í sí láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan. Àga ẹ̀yìn ń sún síwájú, ó ń sún sẹ́yìn, ó sì ń rọ̀gbọ̀kú, nítorí náà ìyá àgbà tó ń lọ òde lè na ẹsẹ̀. Ó tún ní bọ́tìnnì tó ń mú àga gbóná. Ohun tí ará Ìkòròdú ń fi ìyẹn ṣe ní oṣù Kẹta, Ọlọ́run ló mọ̀.

Ẹ wo búùtù. Ó lé ní lítà 1,000, kó tó di pé ẹ tẹ àga ẹ̀yìn dùbúlẹ̀. Obìnrin kan tó ń ra ẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ sọ fún mi pé òun fi tapólì tẹ́ inú búùtù RX tòun, òun ń kó àrọ̀ àti ẹja òbòkún sínú rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, òun á sì fọ̀ ọ́ ní Jímọ̀, òun á gùn ún lọ sóde ní Sátidé. Mo bi í pé òórùn rẹ̀ ńkọ́. Ó ní ẹja ló ra mọ́tò, ẹja lè jókòó sínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò kọ èyí, kò kọ tọ̀hún. Kìkì pé kí ẹ ṣọ́ ọ̀pá tó ń gbé ìlẹ̀kùn búùtù dúró o, bí agbára rẹ̀ bá ti tán, orí yín ni ìlẹ̀kùn ń bọ̀ wá bà.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ má dán an wò ní ojú títì dídán inú ẹ̀sítéètì. Ẹ gbé e láti Ìtàmàgà lọ sí Ìtòìkín. Ẹ pa amúlétutù, ẹ pa rédíò, kódà bó bá jẹ́ ètò wa ló ń lọ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ kò-kò-kò níwájú nígbà tí ẹ bá wọ ihò, búúṣì ni, owó rẹ̀ kò pọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, tó bá sì dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ bi mẹkáníìkì yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀ iye owó. Bí gíà bá ń ta yín nípá láti orí èkejì sí ẹ̀kẹta, ẹ yí padà, kí ẹ gbé e padà fún olówó rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá sì fàáké kọ́rí pé òun ò gbà kí ọkọ̀ náà kọjá géètì ọgbà òun, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ wọ kẹ̀kẹ́ yín padà sílé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bátìrì la ó gbé yẹ̀ wò. Ó dàbọ̀ o.